Máratọ́ọ̀nù Èkó: Ìyá Mi Ní N Kò Gbọdọ̀ Lọ, Àmọ́ Mo Lọ!

Láti ìgbà tí àwọn kan nínú yín ti rí fọ́tò mi pẹ̀lú mẹ́dàlì lọ́rùn ni ẹ ti ń béèrè bí akọ̀ròyìn tí kò ju egungun lọ ṣe fi ẹsẹ̀ sáré láti Súúrùlérè dé Eko Atlantic. Ọ̀gá mi ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí n yéé fi ẹnu ròyìn rẹ̀ káàkiri ọ́fíìsì. Ó dáa, ẹ gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrin oṣù Èrèlé ọdún 2023, ni a sá eré náà. Máratọ́ọ̀nù ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní eré ẹlẹ́mìí ẹṣin. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni gígùn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kó pín in sọ́nà mẹ́ta, kó wá fi ẹsẹ̀ sá ọ̀kan. Mítà 195 tó lé yẹn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fà á nígbà Òlíńpíìkì Lọ́ńdọ̀nù ọdún 1908. Ààfin ọba wọn ní Windsor ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, iwájú ìjókòó ọba nínú pápá ni wọ́n parí rẹ̀ sí, ibi tí ọ̀nà náà gùn dé lọ́jọ́ náà sì ni gbogbo ayé ń sá títí dòní. Ẹsẹ̀ tèmi ló wá ń jìyà ìjókòó ọba!

Ìyá mi ń ta ata ní ọjà Ojúwòyè ní Mushin. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ eré yìí sílẹ̀, ó gbé abọ́ ata ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé ìwọ náà fẹ́ lọ ṣubú síbẹ̀ ni?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó yé èmi àti òun. Ọdún 2015 ni bàbá mi, tó jẹ́ wẹ́dà, ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún 49 ni. Kò ṣàìsàn, kò sùn sílé ìwòsàn rí láyé rẹ̀. Ìgbà tó kú tán ni wọ́n ń sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi kò ti fẹ́ kí ohunkóhun mú àyà ọmọ òun lù kìkìkì. Bí mo bá sáré gun àtẹ̀gùn, á ní kí n rọra. Irú obìnrin yìí ni mo wá ń sọ fún pé mo fẹ́ sáré fún bíi wákàtí mẹ́fà.

N kò bá a jiyàn. Mo lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó jẹ́ 118 lórí 76. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà mi, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Mo mú ìwé náà lọ bá ìyá mi lọ́jà. Ó wò ó, ó dá a padà fún mi, ó ní òun kò mọ ìwé kà. (Ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni o. Ìyá mi mọ ìwé kà dáadáa, ìwé gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì ní àṣìkọ kan.)

Oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Bàbá bíríkìlà kan wà ládùúgbò wa tó ti sá eré yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 2016. Òun ni ọ̀gá mi nídìí ẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ 16 ló yẹ kí èèyàn fi múra, kó máa sáré lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀nà jíjìn, kí ọ̀nà náà máa gùn sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bíi kìlómítà 30. Lẹ́yìn náà kó wá dẹwọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta tó kẹ́yìn, kí ara lè sinmi.

Ètò yẹn dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ìpolongo ìbò ọdún 2023 ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Bí olóṣèlú kan bá máa sọ̀rọ̀ di aago mọ́kànlá alẹ́, èmi ni wọ́n máa rán lọ gbọ́ ọ. Ta ni yóò wá jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ láti sáré? Mo ń jí o, àmọ́ kì í ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tó di oṣù Ọ̀pẹ, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 12 gbáko. Mo dìde tán, ọyẹ́ dé, eruku gba ìlú kan, èémí kò já gaara mọ́. Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ 16 fi máa pé, ọ̀nà tó jìn jù tí mo tíì sá kò ju kìlómítà 22 lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà sì ni.

Bàtà mi ńkọ́? Òkìrìkà ọjà Yábà ni. Àwọn kan ládùúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Mo ní ṣé ẹ ò gbọ́ ìròyìn Abebe Bikila ọmọ Etiópíà ni? Ẹsẹ̀ lásán ló fi sá máratọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì ní Róòmù lọ́dún 1960, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15 ló fi parí rẹ̀, òun ló sì gba ipò kìíní. Èmi wọ bàtà, ẹ tún ń bú mi!

Mo lọ bá bàbá bíríkìlà, mo ní, "Bàbá, ṣé kí n jáwọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí sìmẹ́ńtì kò bá pọ̀, ṣebí odi kúkúrú là ń mọ. Tìrẹ kò ní ga, àmọ́ yóò dúró." Ó ní kí n má sáré bí ẹni tó múra tán. Kí n máa sáré ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí n rìn ìṣẹ́jú kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí n má dúró di ìgbà tó bá rẹ̀ mí kí n tó rìn. Mo wá kà á lẹ́yìn náà pé Jeff Galloway, ará Amẹ́ríkà tó sáré ní Òlíńpíìkì ọdún 1972, ló sọ irú ọ̀nà yìí di olókìkí. Ó tún ní kí n fi fasilíìnì pa abíyá àti itan mi, kí aṣọ má bàa bó mi lára. Àti pé kí n mu omi bí òǹgbẹ bá ṣe ń gbẹ mí ni, kí n má máa mu ú bí ẹja, torí omi àmujù nínú eré gígùn máa ń mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù, ó sì lè pa èèyàn.

Ọjọ́ pé. Ìlẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí a ti kún iwájú pápá ìṣeré Súúrùlérè fọ́fọ́. Àwọn ọmọ Kenya wà níwájú, wọ́n rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Nígbà tí wọ́n ní ó yá, wọ́n lọ, n kò sì rí wọn mọ́ títí dòní.

Ẹ ó rántí ọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n ní owó tuntun ni ká máa ná, owó tuntun kò sì sí. Àwọn èèyàn ń sùn sídìí ẹ̀rọ tó ń pọwó ní báńkì. Ata ìyá mi ń rà nínú apẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé oníbàárà kò wá, wọ́n ń wá wò ó, owó ni kò sí lọ́wọ́ wọn.

A gba Ojúẹlẹ́gba kọjá. Nígbà tí a dé Fádèyí, mo gbọ́ orúkọ mi. Ta ni mo rí létí títì? Ìyá mi! Ó ti gbá ìró rẹ̀ mọ́ra. Mo rò pé ó wá wọ́ mi lọ sílé ni. Ó bá mi sáré bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, ó tẹ nǹkan mọ́ mi lọ́wọ́, ó di ₦500 tuntun kan ṣoṣo. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn o! N kò mọ ibi tó ti rí i, kò sì tíì sọ fún mi títí di ìsinsìnyí. Ó ní, "Bó bá ti rẹ̀ ọ́, wọ ọkọ̀ wálé. Má tijú ẹnikẹ́ni."

A dé Maryland, a yà sí Gbàgádà, a bọ́ sórí afárá Third Mainland. Ọdún 1990 ni wọ́n parí afárá yìí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 12. Inú dánfó ni mo ti mọ̀ ọ́n, àárín ìpákọ́ èèyàn méjì. N kò mọ̀ pé ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, àfi ìgbà tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò sí igi kan, kò sí òjìji, oòrùn ń bọ̀ láti òkè, ooru ń bọ̀ láti ilẹ̀. Èéfín ẹja tí wọ́n ń yan ní Makoko gbé afẹ́fẹ́, ebi dé. Mo wo ₦500 ọwọ́ mi, ó ti tutù fún òógùn. Mo wo ọ̀nà. Wọ́n ti dí i pa, kò sí ọkọ̀ kankan tí n ó wọ̀. Ẹ̀rín pa mí.

Ìgbà tí a dé Ìkòyí, nǹkan yí padà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi. Ara èèyàn máa ń tọ́jú súgà pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, bí ẹní ń sọ owó sínú kóló. Bí èèyàn bá ń sáré, inú kóló yìí ló ti ń mú un ná. Nǹkan bíi kìlómítà 30, kóló ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbẹ. Ọ̀rá ara wà, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó di agbára. Ẹni tó bá múra dáadáa, kóló tirẹ̀ ń tóbi sí i. Tèmi dún gbọn-gbọn-gbọn, kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Iṣan itan mi so kókó. Ìṣẹ́jú mẹ́rin di méjì, méjì di ọ̀kan. Lórí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí, mo rí pèpéle kan létí ọ̀nà, ó wù mí ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ kí n jókòó nígbà tí ìyá àgbà kan, tó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, fi ọwọ́ gbá mi léjìká bó ṣe ń kọjá lọ. Ó ní, "Ọmọ mi, má jókòó o. Tóo bá jókòó, o ò ní dìde mọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi bù máṣọ nínú oòrùn yẹn. Ìyá àgbà náà kò mọ̀ mí, kò mọ bàbá mi. Mo nà dìde, mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn gèlè rẹ̀ ni mò ń wò, n kò wo ibòmíràn.

Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 51 ni mo fi dé Eko Atlantic. Àwọn Kenya á ti wẹ̀, wọ́n á ti jẹun, wọ́n á ti sùn. Wọ́n kọ́ mẹ́dàlì sí mi lọ́rùn. Èékánná ẹsẹ̀ mi méjì ti dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ mi lé ròrò. Mo yá fóònù, mo pe ìyá mi. Kò ní kí n kú oríire. Ó ní, "Ṣé àyà rẹ ń lù dáadáa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń pariwo fún gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká pé ọmọ òun ti dé o!

Mo dá ₦500 rẹ̀ padà fún un lálẹ́. Ó sá a sórí abọ́ ata.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, mo ní òun náà yóò tẹ̀ lé mi lọ wọn ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí ló ṣe òun? Mo ní kí ló ṣe bàbá mi? Ó wọ bàtà. Ẹ̀rọ sọ pé 170 lórí 104. Ìyá mi ní ẹ̀rọ náà ti gbó. Nọ́ọ̀sì tún un wọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Láti ìgbà náà ló ti ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ó dín iyọ̀ àti magí kù, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rin ìdajì wákàtí láràárọ̀ lọ sí ọjà. Bí n kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mò ń ru apẹ̀rẹ̀ ata tẹ̀ lé e. Bí mo bá yára jù, á ní kí n rọra.