Kì í ṣe àpò là ń rà

1/ Bàámi ń dáko àgbàdo, èmi ni mò ń fowó ajílẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìṣirò Kẹ́místrì kan tó ń bá mi ṣọ́ owó náà. Ọ̀pọ̀ wa rò pé WAEC nìkan ló wúlò fún.

2/ Lọ́dún yìí wọ́n pè mí: "Ọmọ mi, yúríà ti wọ́n o. Wọ́n ní ká ra ammonium sulphate. Àpò 50 kílò lòun náà, owó ẹ̀ sì fi díẹ̀ dín." Mo ní, "Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò ẹ̀ ná."

3/ Náítírójìn là ń torí ẹ̀ ra méjèèjì. Tí kò bá tó àgbàdo, ewé ìsàlẹ̀ á máa pọ́n, kò sì ní yọmọ dáadáa. Ìbéèrè wá ni pé: mélòó nínú kílò 50 yẹn ni náítírójìn?

4/ Yúríà ni CO(NH₂)₂. Kábọ́ọ̀nù 12, ọ́síjìn 16, náítírójìn méjì 28, háídírójìn mẹ́rin 4. Àròpọ̀ ẹ̀ 60. Ẹ fi 60 pín 28, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100: bíi 46.7. 46 lẹ máa rí lára àpò, torí nǹkan míì díẹ̀ máa ń wà nínú ẹ̀.

5/ Èkejì ni (NH₄)₂SO₄. Náítírójìn 28, háídírójìn 8, sọ́fọ̀ 32, ọ́síjìn 64. Àròpọ̀ ẹ̀ 132. 28 nínú 132 jẹ́ bíi 21 nínú 100.

6/ Ṣé ẹ rí i? 28 kan náà ni! Èrò tó bá a wọkọ̀ ló pọ̀ ju ara wọn lọ.

7/ Nínú àpò 50 kílò, yúríà á fún yín ní náítírójìn kílò 23. Èkejì, kílò 10.5. Àpò méjì ẹ̀ ò tíì tó yúríà kan. Tí owó ẹ̀ bá fi díẹ̀ dín lásán, ọ̀wọ́n lẹ rà yẹn.

8/ Mi ò ní kò dáa o. Ilẹ̀ tí sọ́fọ̀ ò tó nínú ẹ̀ máa jàǹfààní ẹ̀. Àmọ́ náítírójìn làwa ń wá.

9/ Bàámi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àṣé kì í ṣe àpò là ń rà." Yúríà la rà.

10/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ sílé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè nọ́ńbà tó wà lára àpò. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń dáko.