Èmi ni mo pe dírẹ́bà, òun kọ́ ló pè mí

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún 2016 tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ hẹlikópítà kan tó já ní Amẹ́ríkà ló wá fà á síta. Ẹ má rẹ́rìn-ín pé kí ló kan onítòmátì kan hẹlikópítà. Ẹ fara balẹ̀ ná.

Bódìjà ni mo ti ń ta tòmátì àti tàtàṣé, n'Ìbàdàn níbí. Ẹ̀yin náà á rántí pé ní 2016, kòkòrò wọ oko tòmátì lókè Ọya. Apẹ̀rẹ̀ kan wá di ohun tí èèyàn ń fi ojú lásán wò. Mo kó owó àjọ, mo tún yá kún un, mo ní kí wọ́n ra ọjà fún mi ní Kano. Bàbá Sùlé ni dírẹ́bà tó ń kó o bọ̀, àgbàlagbà tí kì í mutí, tí kì í sì í sáré. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó olówó ra ọjà, ṣé ó lè sùn? Mo pè wọ́n nígbà tí wọ́n kúrò ní Kàdúná. Mo pè wọ́n ní Mókùwá. Mo pè wọ́n ní Jẹ́bà, mo tún pè wọ́n n'Ílọrin. "Níbo lẹ dé?" Orin mi nìyẹn.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, táyà kan jò. Wọ́n yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, Bàbá Sùlé fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi sípánà dè nọ́ọ̀tì, torí wọn kì í fi iṣẹ́ yẹn lé ọmọ mọ́tò lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ ni mo pè wọ́n sí. Kì í ṣe ìkíni ni mo pè fún o, ìjà ni. Ẹnìkan ti sọ fún mi pé wọ́n kó ẹrù ẹlòmíràn lé tèmi lórí. Mo ń pariwo, wọ́n ń bẹ̀ mí: "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n délé." Nígbà tí mo jẹ́ kí wọ́n sinmi, wọ́n ju sípánà sínú ọkọ̀, wọ́n wa mọ́tò lọ. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló jẹ́ pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi wé e.

Lọ́rì náà kò dé Ọ̀yọ́ tí táyà fi yọ. Bàbá Sùlé kò fara pa púpọ̀. Ọmọ tó jókòó tì wọ́n fi apá kán. Tòmátì mi dà sí títì, àwọn ọmọ ń fi ike ṣà á. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ bú baba yẹn pé wọn ò mọ ọkọ̀ í wà. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ pè mí?" Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí mo padà dé ọjà, mo ní táyà ló bẹ́.

Ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún yìí ló ní òun fẹ́ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń fi hẹlikópítà gbé aláìsàn láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn. Mo figbe ta. Mo ní ṣé ilẹ̀ ò gbà á mọ́ ni? Mo ní kó sọ èyí tó burú jù nínú iṣẹ́ náà fún mi, kó má tàn mí. Ọmọ yẹn ò sì tàn mí.

Ó ní ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ní ìpínlẹ̀ Missouri, wọ́n rán hẹlikópítà kan lọ gbé aláìsàn nílùú Bethany. Páílọ́ọ̀tì sọ fún àwọn tó ń tọ́jú ìrìn àjò rẹ̀ pé epo wákàtí méjì wà nínú ọkọ̀. Irọ́ kọ́ ló ń pa, kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ni. Ìgbà tó balẹ̀ sí Bethany ló rí i pé epo ti ń tán. Ó ní ó ku epo ìṣẹ́jú 45. Kò tó bẹ́ẹ̀, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kù. Ó gbé aláìsàn náà, ó gbéra, ó ní òun á yà ra epo ní pápákọ̀ kékeré kan ní Mosby. Ó ku nǹkan bíi máìlì kan kó débẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kú. Àwọn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: páílọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń ṣètọ́jú pàjáwìrì, àti aláìsàn. Kò sẹ́ni tó yè.

NTSB, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ níbẹ̀, wo fóònù páílọ́ọ̀tì náà. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn lòun àti ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn, nílẹ̀ àti lókè, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti ní kò gbọ́dọ̀ lo fóònù lókè. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ? Oúnjẹ alẹ́. Ibi tí wọn yóò ti jọ jẹun.

Mo ní, "Àbí fóònù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó já?" Ọmọ mi ní rárá. Ó ti gbé e sílẹ̀ ṣáájú. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún páílọ́ọ̀tì hẹlikópítà wà lórí ọ̀pá kan, tòsì wà lórí òmíràn, ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí pẹ́dàlì, bíi télọ̀ tó jókòó ti máṣíìnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ó gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀pá ọwọ́ òsì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lè máa yí abẹ̀bẹ̀ orí ọkọ̀ náà, kó fi rọra balẹ̀. Bí ẹni ṣẹ́jú lásán ni àyè tó ní. Ọkùnrin náà kò rí i ṣe. NTSB ò di gbogbo ẹ̀bi rù ú: kò sùn tó lóru, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ kò jọ kí ẹ́ńjìnnì kú nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí eré gidi. Ṣùgbọ́n wọ́n kà á sí i pé àtẹ̀jíṣẹ́ wọ̀nyẹn ti gba ọkàn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tó yẹ kó fara balẹ̀ ṣe, títí kan èyí tó wà nílẹ̀, kó tó gbéra.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ara mi ti bù màmà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo padà sí. Fóònù kò sí lọ́wọ́ Bàbá Sùlé nígbà tí táyà yọ. Mo ti gba ohun tí mo fẹ́ gbà lórí nọ́ọ̀tì mẹ́ta yẹn.

Ọmọ mi ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ní ní 1974, bàálù ńlá kan já ní Charlotte, ó pa èèyàn tó lé ní 70. Ọ̀rọ̀ òṣèlú àti mọ́tò àlòkù làwọn páílọ́ọ̀tì ń sọ bí wọ́n ti ń lọ balẹ̀. Irú rẹ̀ ló jẹ́ kí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ní 1981, pé bí bàálù bá ń rìn nílẹ̀, tó ń gbéra, tàbí tó ń balẹ̀, páílọ́ọ̀tì ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kò kan iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. N kò gbọ́ ìyókù mọ́. Mo ní, "Bọ́sẹ̀, ṣé mo máa ń pè ọ́ lẹ́nu iṣẹ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa ń pè, Màmá."

Ẹni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fi òfin mú un, kò sì yẹ kí wọ́n mú un. Kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó, pé báwo ló ṣe ń jẹun alẹ́ látìgbà yẹn?

Mo wá Bàbá Sùlé lọ sí Sábó. Wọ́n ti dàgbà, wọn kì í wakọ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé wọn ò gbàgbé. Ọmọ tó fi apá kán ti di télọ̀, wọ́n ní apá náà ṣì ń dùn ún bí ọyẹ́ bá dé.

Nísinsìnyí, èmi àti dírẹ́bà tó ń kó ọjà mi ti jọ sọ ọ́: òun ni yóò máa pè mí, bó bá ti páàkì sí Jẹ́bà àti Ògbómọ̀ṣọ́. N kò gbọ́dọ̀ pè é. Ó nira fún mi, n kò ní purọ́. Lálẹ́ àná, aago mọ́kànlá lù, kò tíì pè. Mo gbé fóònù fún àbúrò mi kó bá mi tì í mọ́nú àpótí.

Èmi ni tiyín,
Onítòmátì kan, Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn.