Mo Kó Lọ, N Kò Júwe Ilé Tuntun

Èmi fúnra mi ni mo dí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn là wá sọ́dọ̀ mi. N kò ní ẹlòmíràn tí mo lè dá lẹ́bi.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi kó oríkì àti òwe jọ sórí ìkànnì kan. Ojú ewé rẹ̀ lé ní 200, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Àwọn olùkọ́ Yorùbá nílé àti ní Lọ́ńdọ̀nù fi líǹkì rẹ̀ sínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan fi í sí ojú ewé tirẹ̀, ó ní kí ẹni tó bá ń wá oríkì máa lọ síbẹ̀. N kò bẹ̀ ẹ́, a kò sì ríra rí.

Ẹ̀rí ni irú líǹkì bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Larry Page àti Sergey Brin ti dá Google sílẹ̀ ní 1998, iye àwọn tó tọ́ka sí ojú ewé kan, àti iyì àwọn tó tọ́ka náà, wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ èyí tó yẹ kó ṣíwájú. Àdírẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀rí náà sì so mọ́.

Àmì ọ̀rọ̀ ló kó bá mi. Mo ti kọ àwọn àdírẹ́ẹ̀sì náà ní Yorùbá tó lámì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ọ a di %E1%BB%8D, ṣ a di %E1%B9%A3. Wọn a gùn, wọn a sì rí wúruwùru. Ní alẹ́ Sátidé kan, mo yí gbogbo wọn padà sí lẹ́tà tí kò lámì. Mo rò pé ilé ni mò ń tún ṣe. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, olùkọ́ kan kọ̀wé sí mi: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tẹ líǹkì oríkì ìbejì, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé ẹ ti pa á rẹ́ ni?” Àyà mi já. Gbogbo líǹkì tí wọ́n ti fi tọ́ka sí mi ló ń jásí 404: kò sí i níbí. Àwọn tó ń bẹ̀ mí wò ti dín kù gidigidi.

Ìpayà mú mi ṣe àṣìṣe kejì. Mo darí gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹni tó wá oríkì ìbejì wá ń bá ara rẹ̀ lẹ́nu géètì, láìsí ẹni tí yóò mú un wọlé. Bí 404 náà ni Google ṣe ń ka irú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe lálẹ́ Sátidé yẹn ni mo wá fi oṣù méjì ṣe. Mo ṣa àwọn àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ jọ láti inú Search Console ti Google àti Wayback Machine tó ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojú ewé àtijọ́. Mo kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ tuntun tó bá a mu gẹ́lẹ́, mo sì fi àṣẹ 301 so wọ́n pọ̀. Ohun tí 301 ń sọ ni pé, “A ti kó kúrò níbí pátápátá, ibi báyìí ni a wà.” N kò lo 302, nítorí ìyẹn ń sọ pé a ṣì ń padà bọ̀. N kò sì jẹ́ kí ọ̀kan gba ọ̀dọ̀ òmíràn kó tó dé ibi tó ń lọ. Google ní kí a fi wọ́n sílẹ̀ fún ọdún kan, ó kéré tán. Èmi kò ní yọ wọ́n láé.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló padà. Nígbà tí mo fi máa kọ̀wé bẹ àwọn olùkọ́ náà, àwọn kan ti yọ líǹkì mi, wọ́n ti fi ti ẹlòmíràn rọ́pò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn kò dá mi lóhùn. Ọmọ rẹ̀ ló kọ̀wé sí mi pé bàbá ti di olóògbé. Ojú ewé bàbá ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó lè tún líǹkì náà kọ. Ọwọ́ mi nìkan ló kù tí ọ̀rọ̀ bàbá kò fi ní di irọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń lọ sí ojú ewé náà, mo máa ń tẹ líǹkì yẹn, mo sì máa ń dúró títí oríkì yóò fi ṣí.