Ìrẹsì Íńdíà ni Monrovia ń jẹ, àgbẹ̀ ilé ń wòran

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òwe yìí ló wá sí mi lọ́kàn ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọjà Waterside ní Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà. Òjò ń rọ̀. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tí kò bá dé Monrovia nígbà òjò kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òjò. Èyí tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan ju mílímítà 4,500 lọ. Ti Èkó tí à ń pariwo rẹ̀ yìí kò tó ìdajì rẹ̀. Abẹ́ táńpólì ni àwọn obìnrin jókòó sí, wọ́n pàtẹ ewé ọ̀dùnkún, ewé ẹ̀gẹ́, ata, epo pupa àti ẹja gbígbẹ. Ewé ọ̀dùnkún tí àwa ń gé fún ewúrẹ́, ọbẹ̀ gidi ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ojú ọjà náà kan ni àpò ìrẹsì, tí wọ́n tò jọ bí ìgànná.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyá oníṣòwò kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń tajà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ìrẹsì yìí ti wá?"

Ó gbá ara àpò náà pẹ́pẹ́. "Ọmọ mi, ìwọ náà kúkú mọ̀wé. Kà á. Íńdíà ni wọ́n kọ sí i lára."

Mo bèèrè èyí tí àwọn ará Làìbéríà fúnra wọn ń gbìn. Ó rẹ́rìn-ín. "Èyíinì wà. Kọ́ńtírì ráìsì ni wọ́n ń pè é, ó sì dùn ju èyí lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, kì í sì í dé ọjà lójoojúmọ́. Ta ni yóò fi ebi dúró dè é?"

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mo gbé sọ́kàn rìn káàkiri ìlú náà. Ará Làìbéríà lè jẹ ẹ̀gẹ́, kí ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó fi búrẹ́dì lé e; bí kò bá tíì jẹ ìrẹsì, yóò ní òun kò tíì jẹun lónìí. Bẹ́ẹ̀, èyí tó ń gba èbúté wọlé ju ìdajì ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ lọ. Báwo ni orílẹ̀-èdè tí òjò ń rọ̀ fún tó báyìí ṣe di ẹni tí ń fojú sọ́nà fún ọkọ̀ ojú omi kí ó tó jẹun?

Ẹni tó bá bàlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Roberts ti rí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà kí ó tó wọ ìgboro. Ìtòsí pápákọ̀ náà ni Harbel wà, ìlú tí wọ́n fi orúkọ Harvey Firestone àti Idabelle aya rẹ̀ sọ. Lọ́dún 1926, ìjọba Làìbéríà gbà láti yá ilé-iṣẹ́ Firestone ti Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù kan éékà fún ọdún 99, kí wọ́n fi gbin rọ́bà. Ọ̀pọ̀ géńdé tó yẹ kí ó máa ro oko ìrẹsì ló di ẹni tí ń gbe oje igi rọ́bà. Ilé-iṣẹ́ náà a sì máa ta ìrẹsì òkèèrè fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹnu ṣe mọ́ ọn lára.

Ọ̀rọ̀ náà bú gbàmù lọ́dún 1979. Florence Chenoweth, mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà ayé Ààrẹ William Tolbert, dá a lábàá pé kí wọ́n fi owó lé dọ́là 22 tí wọ́n ń ta àpò ìrẹsì kan. Àlàyé rẹ̀ ni pé bí owó bá gbé pẹ́ẹ́lí, àgbẹ̀ yóò dúró ti oko, kò ní sá wá sí ìgboro tàbí oko rọ́bà mọ́. Àwọn alátakò ní ẹ̀tàn ni, wọ́n ní àwọn aláṣẹ tó ní oko ìrẹsì ńlá ló fẹ́ jèrè. Ní Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún náà, tí Àjíǹde ku ọ̀la, àwọn èèyàn tú sí ìgboro Monrovia. Àwọn agbófinró yìnbọn. Ó kéré tán, ogójì ènìyàn ló kú, wọ́n sì kó ṣọ́ọ̀bù lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìjọba fà sẹ́yìn lórí owó náà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kò pé ọdún kan tí Samuel Doe àti àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀ fi pa Tolbert, tí wọ́n gba ìjọba, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1980. Nígbà tó di ìparí ọdún 1989, ogun abẹ́lé dé, kò sì tán pátápátá títí di 2003. Ẹ̀yin náà mọ iye ọmọ wa tó bá ECOMOG lọ síbẹ̀ tí kò padà wálé.

Èmi kò sọ pé ìrẹsì nìkan ló fa ogun o. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà wá, bí wọ́n bá ti dárúkọ owó ìrẹsì, ọkàn àwọn aláṣẹ Monrovia a kó sókè. Kí ìrẹsì sáà ti pọ́ọ́kú fún ará ìgboro! Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ohun tí àgbẹ̀ yóò jẹ.

Mo ní n óò fojú ara mi rí àgbẹ̀ náà. Mo wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà Gbarnga, mo sọ̀ ní Suakoko ní ilẹ̀ àwọn Kpelle. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n a ṣán igbó, wọ́n a sun ún. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n a gbin ìrẹsì, wọn a sì kórè rẹ̀ nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin. Wọ́n ní ẹgbẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní kuu: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Àáró tiwa gan-an ni! Ta ló wá lè pè wọ́n ní ọ̀lẹ? Síbẹ̀, hẹ́kítà kan kì í sábà mú ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ, nígbà tí ti Íńdíà ń mú tó mẹ́rin.

Ìmọ̀ kọ́ ló sì wọ́n wọn. Suakoko yìí náà ni ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn ìjọba wà. Níbẹ̀ ni ìrẹsì Suakoko 8 ti jáde ní àwọn ọdún 1970, èyí tó ń fara da àkùrọ̀ tí irin pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀, tí omi ibẹ̀ pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Monrovia fúnra rẹ̀ ni WARDA, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìwádìí ìrẹsì fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí orílẹ̀-èdè 11 dá sílẹ̀ lọ́dún 1971, kọ́kọ́ fi ṣe ibùjókòó, kí ó tó kó lọ sí Bouaké ní Côte d'Ivoire ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ogun sì wá ba ibùdó Suakoko jẹ́.

Bàbá àgbẹ̀ kan sọ fún mi nípasẹ̀ ògbufọ̀ pé: "Mo lè gbìn ju èyí lọ. Ta ni yóò rà á? Bí òjò bá dé, ọkọ̀ kì í wọ abúlé wa. Bí a bá sì rù ú dé títì, owó tí àwọn oníṣòwò ń dá lé e kò tó èyí tí a fi ṣe oko."

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ bàbá yìí sí ẹ̀gbẹ́ ti àgbẹ̀ Íńdíà. Òun náà kì í ṣe olówó. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò ní tó hẹ́kítà 2. Ní àwọn ọdún 1960, ọkà Amẹ́ríkà ni orílẹ̀-èdè wọn ń gbójú lé. Nǹkan méjì ló wá ṣẹlẹ̀ pọ̀: irúgbìn tuntun bíi IR8 dé, ìjọba sì dá àjọ kan sílẹ̀ lọ́dún 1965, Food Corporation of India, tó ń ra ọkà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí wọ́n ti kéde ṣáájú. Nínú àpò ìrẹsì mẹ́wàá tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé ń tà fún ara wọn lónìí, bíi mẹ́rin jẹ́ ti Íńdíà. Òótọ́ ni pé ọ̀nà yìí ní ẹ̀gún tirẹ̀: ní Punjab, omi abẹ́ ilẹ̀ ń jìn sí i nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fà á sóko. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fura pé wọ́n fẹ́ gba ọjà tó dájú yìí lọ́wọ́ àwọn, wọ́n pàgọ́ sí ẹnubodè Delhi fún bí ọdún kan, láti 2020 di 2021, títí ìjọba fi fagi lé òfin tó dá ìjà sílẹ̀.

Ilé Íńdíà ni Íńdíà sì ń kọ́kọ́ rò. Ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n fi òfin de títa ìrẹsì funfun tí kì í ṣe basmati sí òkèèrè, kí ti ilé má bàa wọ́n. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n tó ṣí i padà. New Delhi ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé. Waterside ni àyà ti já.

Kí á má fi Làìbéríà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwa náà rántí ìgbà Shagari, tí ìrẹsì di ohun tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ fún, tí Umaru Dikko ń darí rẹ̀. Àwa náà ti ẹnubodè pa láti oṣù kẹjọ 2019 di oṣù kejìlá 2020 nítorí ìrẹsì àti àwọn ọjà mìíràn. Títì ilẹ̀kùn rọrùn. Dídá owó tó dájú fún àgbẹ̀, kí a sì la ọ̀nà dé abúlé rẹ̀, ìyẹn ló le.

Ní ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, mo padà sọ́dọ̀ ìyá Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti bá mi wá agolo mẹ́ta kọ́ńtírì ráìsì. Ó pọ́n díẹ̀, ó ń ta sánsán bí Ọ̀fadà. Nígbà tí a sè é nílé, kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ti òkèèrè ni. Ohun tí wọ́n bèèrè ni ibi tí wọ́n ti lè rí i rà.