Oorun Wòlíì Èlíjà

Ní ìjọ tí mo ń lọ, bí àlùfáà bá ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, ẹni tó rí iṣẹ́ ni yóò jáde, tàbí ẹni tó bímọ. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé, "Ẹ bá mi yin Olúwa, mo sùn lánàá." Ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀rí tèmi.

Ilé-iṣẹ́ tí mo wà ní Èkó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró, owó oṣù méjì sì wà lọ́rùn wọn. Owó ilé kù díẹ̀ kó pé, àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Láti ìgbà náà, bí aago méjì òru bá ti lù, ojú mi á là, n ó máa ṣírò owó tí n kò ní, àyà mi á sì máa lù bíi ti ẹni tí wọ́n ń lé. Mo gbàdúrà. Mo lọ sí ìsìn ìṣọ́ òru. Àwọn kan tó fẹ́ràn mi tún ní kí n fi ààwẹ̀ kún un. Èrò rere ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n ẹni tí oorun ti kọ̀, tí a tún ní kó má sùn, kó má sì jẹun, agbára wo ló kù lára rẹ̀ tí yóò fi gbàdúrà?

Màmá mi ló ní kí n lọ sọ́dọ̀ ìyá àwọn ní Òwu-Ìsin. Màmá Àgbà kò bi mí ní ohunkóhun lọ́jọ́ tí mo dé. Wọ́n gbé àmàlà àti ọbẹ̀ ilá síwájú mi, wọ́n sì tẹ́ ẹní. Ó di ọjọ́ kẹta, bí a ti ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, kí wọ́n tó ní kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Ta ló ń ṣọ́ wa lóru?"

"Ọlọ́run ni, Màmá."

"Òun kì í sùn, àbí?"

"Kì í sùn, mà."

"Kí wá ni ìwọ àti Òun jọ ń ṣọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, ohun tí n kò ṣe láti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Kì í ṣe pé ayé rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n ti sin ọkọ, wọ́n sì ti sin ọmọ méjì. Àdúrà alẹ́ wọn kò gùn. Wọ́n á jókòó sétí ẹní, wọ́n á dárúkọ ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan fún Ọlọ́run: páànù ilé ìdáná tó ń jò, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi tó wà ní Líbíà tí kò pè, ọ̀ràn tèmi. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á ní, "Mo ti gbé e fún Ọ." Wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á pa àtùpà, kí n sì tó yí ẹ̀gbẹ́ padà, wọ́n ti ń han-run. Mo sọ fún wọn pé mo rò pé ọjọ́ orí ló fà á. Wọ́n ní rárá, lọ́dún tí Bàbá Àgbà kú, oṣù mẹ́rin ni oorun fi kọ àwọn. "Mo máa ń gbé e fún Un, n ó tún lọ gbé e padà kí ilẹ̀ tó mọ́. N ó tún gbé e fún Un."

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi ṣí ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn iná orí òkè Kámẹ́lì; wọn kì í pẹ́ lórí ohun tó tẹ̀ lé e. Èlíjà sá fún Jésébẹ́lì wọ aginjù, ó jókòó lábẹ́ igi, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá kò bá a wí, kò sì ní kó gbààwẹ̀. Oúnjẹ àti omi ló gbé kalẹ̀. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó tún jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó rin ìrìn ọjọ́ 40 dé òkè Hórébù, níbi tí Ọlọ́run ti bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Oúnjẹ àti oorun ló ṣáájú ìbéèrè.

Mo tún lọ rí dókítà, mo sì lo oògùn tó kọ fún mi. Àwọn kan yóò ní ìgbàgbọ́ mi kò tó. Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí a bí ní 1904 ní Odò-Ọwá, ní ìpínlẹ̀ Kwara wa níhìn-ín, àdúrà ló gbójú lé, láìlo oògùn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n n kò rí ìjà láàárín méjèèjì. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Láńbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ó fi àwọn tí ọkàn wọn dàrú sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, tàwọn ti ẹbí wọn, kí wọ́n lè máa gba ìtọ́jú láàárín ènìyàn. Màmá Àgbà kò gbọ́ orúkọ Láńbò rí, àmọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ní kí n bó kì í ṣe lásán.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bá àwọn ọmọ ilé lọ wo omi Òwu tó ń já láti orí àpáta gíga. Lásìkò òjò, ó ń hó débi pé ènìyàn ní láti pariwo kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gbọ́. Mo ti máa ń rò pé ibi tó bá dákẹ́ nìkan ni ìsinmi wà. Mo fẹ̀yìn ti òkúta kan níbẹ̀, oorun sì gbé mi lọ. Omi náà kò dákẹ́ nítorí mi.

Ilé-iṣẹ́ yẹn kò tíì san owó wa. Mo ti rí iṣẹ́ mìíràn tí owó rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́. Ojú mi ṣì máa ń là láago méjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. N ó dárúkọ owó ilé, n ó dárúkọ àbúrò mi, n ó gbé wọn fún Un, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́. Màmá Àgbà máa ń pè mí ní àràárọ̀ Sátidé. Wọn kì í béèrè owó, wọn kì í béèrè ọkọ. "Ṣé o sùn?" ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wí.