Ẹrù Oúnjẹ Láti Ṣógúnlé

Bí ènìyàn bá ti Òṣòdì gba ọ̀nà mọ́tò Agége lọ sí Ìkẹjà, yóò gba Ṣógúnlé kọjá lẹ́bàá ojú irin. Pápá ọkọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed kò jìnnà síbẹ̀. Ní ilé tí ọmọ bá ti fẹ́ lọ sí òkè òkun, a máa ń rí àwọn ìyá tí wọ́n ń di èlùbọ́, ègúsí, ẹja gbígbẹ àti ẹran díndín sínú àpótí, kí ọmọ wọn má baà gbàgbé ọbẹ̀ ilé. Nígbà tí àwọn oníbodè ìlú òyìnbó bá gba ohun kan sílẹ̀ nínú ẹrù náà, ìyá a máa bínú pé wọ́n kórìíra oúnjẹ wa. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ìgbín yẹ ẹjọ́ yìí wò.

Ní oṣù Keje ọdún 2014, agbọ̀n méjì tí a fi ọkọ̀ òfúrufú kó láti Èkó gúnlẹ̀ sí Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìgbín ààyè 67 ni ó wà nínú wọn, nǹkan bí kílò 16. Jíjẹ ni a sì fẹ́ fi wọ́n ṣe. Àwọn oníbodè gbẹ́sẹ̀ lé wọn, wọ́n sì dáná sun gbogbo rẹ̀. Ó dùn wá púpọ̀: ọbẹ̀ àsè mélòó ni a kì bá fi ìgbín 67 sè!

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ojú wọn ti rí. Ní ọdún 1966, ọmọdékùnrin kan mú ìgbín mẹ́ta, ìbátan irú tiwa, láti Hawaii bọ̀ sí Miami. Ìyá àgbà rẹ̀ tú wọn sílẹ̀ nínú ọgbà. Nígbà tí ó fi di ọdún méje, ìgbín tí a rí ti ju 18,000 lọ. Ọdún mẹ́wàá àti mílíọ̀nù kan dọ́là ni ó gba ìjọba kí wọ́n tó pa wọ́n run. Irú ìgbín yìí a máa jẹ oríṣi ewéko tí ó tó 500, a sì máa ha ògiri ilé jẹ nítorí ẹfun tí ó fi ń mọ ìkarahun rẹ̀. Aràn tí ó lè ba ọpọlọ ènìyàn jẹ́ lè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìkòkò ọbẹ̀ kì í jẹ́ kí ó pọ̀ jù. Lọ́hùn-ún, ta ni yóò ṣa á jẹ?

Ti ẹran kò yàtọ̀, nítorí àrùn ẹran ọ̀sìn a máa bá a rìn. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi gba ẹran tàbí wàrà láti Nàìjíríà lọ́wọ́ èrò.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kò mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ oúnjẹ tí ó gbé, bí ó bá jẹ́ èèwọ̀, oúnjẹ náà nìkan ni yóò pàdánù. Ẹni tí ó bá fi í pamọ́ lè san ìtanràn tí ó tó 1,000 dọ́là ní ìgbà àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa ní Ṣógúnlé, ẹ fi ẹran àti ìgbín sílẹ̀ fún àwọn tí ó kù nílé. Ní ti èlùbọ́, ẹ dì í dáadáa, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ọ̀rá. Ìyẹ̀fun tí kò ní orúkọ a máa mú kí oníbodè fura. Kí ọmọ sì dárúkọ rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó tú àpótí.