Ta Ló Gbára Lé E?

Orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon ni wọ́n fi sọ ẹ́sítéètì tí mò ń gbé ní Alímọ́ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò wa kò mọ̀ ju pé òun ni olórí ìjọba nígbà ogun abẹ́lé. Èmi tí mò ń kọ kóòdù jẹun, ohun méjì mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lásìkò rẹ̀ ni mo máa ń rántí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì títì, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1973, a pa pọ́n-ùn àti sílè tì, a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà àti kọ́bọ̀.

Ẹ wo ti ọ̀nà ná. Lẹ́nu, gbólóhùn kan ni: ẹ máa gba ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye nǹkan tó gbára lé òsì: àmì ojú ọ̀nà, oríta, ibùdókọ̀, ìlẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà lápá òsì, bó bá ń gba ọ̀tún, àárín títì ni yóò máa já èrò sí. Nígbà tí Sweden ṣe irú àyípadà yìí ní ọdún 1967, ẹgbẹẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀sì ni wọ́n ní láti ṣe ìlẹ̀kùn sí ní apá kejì. Gbogbo ìyẹn ṣeé kà, ó ṣeé kọ sínú ìwé. Èyí tí kò sí nínú ìwé kankan ni ọrùn ẹni tó fẹ́ sọdá. Ẹni tó ti mọ́ lára láti kékeré pé ọ̀tún ni kí òun kọ́kọ́ wò, ta ni yóò bá a yí ọrùn rẹ̀ padà?

Ti owó tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí náírà tó dé ni Yorùbá ti ń pe pẹ́nì ní kọ́bọ̀, 240 rẹ̀ ló sì wà nínú pọ́n-ùn kan. Pọ́n-ùn kan wá di náírà 2, ìyẹn kọ́bọ̀ 200. Orúkọ dúró, ìtumọ̀ ló yí: kọ́bọ̀ tuntun ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ. Àwọn àgbà sì ń pe kọ́bọ̀ 5 ní sísì, wọ́n ń pe kọ́bọ̀ 10 ní sílè, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí sílè gan-an ti kú. Ìjọba lè gba owó àtijọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ìṣirò tó wà lórí rẹ̀ kì í tètè kúrò.

Mo sọ èyí nítorí iṣẹ́ kan tí mo ṣe fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní tòsí wa. Obìnrin ọjà ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Díjíìtì mẹ́ta ni nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti 001. Nígbà tí wọ́n ń súnmọ́ 999, wọ́n ní kí n sọ ọ́ di mẹ́rin, kí 047 di 0047. Oṣù Kẹjọ la wà, àwọn ìyá kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó ilé ìwé.

Bàbá alága ní, "Ọmọ mi, òdo kan ṣoṣo lo fẹ́ fi kún un. Ṣé ìyẹn náà á gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan."

Mo kọ́kọ́ wá orúkọ tí nọ́ńbà náà ń jẹ́ káàkiri gbogbo fáìlì. Àṣẹ kan péré ni, git grep, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ibi mẹ́fà ló yọ: àkọsílẹ̀ owó ìfipamọ́, rìsíìtì, àtẹ̀jíṣẹ́, àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó, àti ibi méjì tí orúkọ àwọn onídùúró wà. Ti onídùúró ló bà mí lẹ́rù jù. Bí nọ́ńbà onídùúró kò bá bá èyí tó wà nínú ìwé mu, kọ̀ǹpútà yóò kọ ẹ̀yáwó náà, ìyá kan yóò sì padà sílé lọ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé owó kò tíì sí.

Mo tún lọ bá akọ̀wé wọn. Mo bi í pé, "Àǹtí, ta ló tún ń lo nọ́ńbà yìí tí èmi kò mọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìwé Excel kan tó ṣe fúnra rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn tó ń gba owó kiri ọjà. Díjíìtì mẹ́ta tó ṣíwájú ni ìwé náà ń mú. Bí 047 bá di 0047, 004 ni yóò mú, ẹlòmíràn ló sì ni 004. Owó ìyá kan yóò máa wọ àpò ìyá kejì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì ní pariwo, torí nọ́ńbà gidi ni 004. Bí mo bá wá inú kóòdù títí di ọdún tó ń bọ̀, n kò ní rí ìwé yẹn, torí kò sí nínú kóòdù.

A fi nọ́ńbà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ fún oṣù kan. Akọ̀wé tún ìwé tirẹ̀ ṣe. Ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń lo ti àtijọ́ mọ́ ni mo tó yọ ọ́. Bàbá alága ráhùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pàdánù kọ́bọ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ lágbo alájẹṣẹ́kù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, Azer Koçulu bínú sí àwọn alákòóso npm, níbi tí àwọn tó ń kọ JavaScript ti ń pín kóòdù, ó sì kó gbogbo kóòdù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni left-pad, ìlà 11 péré, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi òdo tàbí àlàfo kún iwájú ọ̀rọ̀ lọ: irú òdo tí Bàbá alága ń sọ gan-an. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo Babel àti React dúró káàkiri ayé. Púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ orúkọ left-pad rí. Kóòdù tí wọ́n ń lò ló ń lo kóòdù mìíràn tó ń lò ó. Láàárín wákàtí díẹ̀, npm dá a padà.

Kọ̀ǹpútà yóò fi ẹni tó ń pe nǹkan lórúkọ hàn wá. Ẹni tó gbára lé e láìpè é lórúkọ, ẹnu ènìyàn la ti ń gbọ́ tirẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń kọ ìwé owó iṣẹ́ báyìí, mo máa ń ya ọjọ́ tí mo fẹ́ fi wá inú kóòdù sọ́tọ̀, mo sì ń ya ọjọ́ tí mo fẹ́ fi bi ènìyàn léèrè sọ́tọ̀. Èyí kejì ló máa ń gùn jù.